Akèrègbè Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọkọ̀ Pius

Pius tún ti odò dé lọ́wọ́ òfo. Omi ń kán tótó lára aṣọ rẹ̀.

“Ọkọ̀ tún dojú dé,” ó wí. “Gbogbo ẹja ló bómi lọ.”

Janet, ìyàwó rẹ̀, wo ààrò tó fi ń yan ẹja. Eérú ibẹ̀ ti tutù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń yà sọ́dọ̀ Kàrímọ́tù, ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọjà kan bá tún kọjá báyìí, kò ní í ní oníbàárà mọ́. Pius jókòó, ó yọ ìṣáná lápò, ó ṣá a, ó tan tábà rẹ̀.

“Odò kan náà làwọn Àlàbí ti ń pẹja,” Janet wí. “Ṣé ẹ̀yin nìkan lomi mọ̀ ní Lọ́kọ́jà ni, Bàbá Títí?”

“Ọkọ̀ yẹn ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù.”

“Ó dáa. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fẹ̀ ẹ́.”

Ó ra akèrègbè ńláńlá lọ́wọ́ àwọn obìnrin Nupe, ó fi ìda dí ẹnu wọn pa. Ó dábùú ọparun lórí ọkọ̀, ó so akèrègbè mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n máa léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pius káwọ́ gbera, ó ń wò ó.

“Ìyá Títí, o fẹ́ sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́. Ọkọ̀ tó fẹ̀ tó báyìí kò ní lè wọ kọ̀rọ̀ kankan.”

“Ṣé kọ̀rọ̀ lẹja wà ni? Ṣebí àárín odò lẹ ń da àwọ̀n sí.”

Àlàbí, apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. “Ìyá Títí, ọkọ̀ nìyí àbí adìẹ tó ń sàba?”

“Ẹ wọ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ mì í.”

Àlàbí wọ inú rẹ̀, ó dúró sétí ọkọ̀, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ọkọ̀ kò yẹ̀. Ẹ̀rín Àlàbí gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Pius fajú ro lọ sódò. Nígbà tó padà dé, ara rẹ̀ gbẹ láti orí dé ẹsẹ̀, agbọ̀n rẹ̀ sì kún. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e. Èéfín gba ẹ̀yìnkùlé kan. Janet ń yan ẹja, ó ń bá gbogbo aládùúgbò sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bi í.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀lẹ ni mo fẹ́, ẹ wá wò ó! Igi tí wọ́n fi gbẹ́ ọkọ̀ ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Kò sóhun tó ṣe bàbá ọmọ mi.”

Pius kò jẹun tán.

Lọ́jọ́ ọjà, obìnrin kan tó pọnmọ sẹ́yìn sọdá láti òdìkejì odò, ó béèrè ìsọ̀ Janet, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ọjà o, ìyáálé mi, ẹ dákun ẹ tú akèrègbè yẹn kúrò, torí ọkọ̀ bàbá ọmọ yìí kò gba ojú omi tóóró tó wọ ẹ̀yìn ilé wa mọ́, àwa ò sì rí ẹja jẹ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti so ó mọ́ ọn.”