Ríìlì Tí Kò Fẹ́ Ìwọ̀

Rìpíárà tú bóòtù tó kẹ́yìn lára ríìlì náà, ó ṣí i. Màṣíìnì ìránṣọ ló ń tún ṣe ní Ìkòtún, ṣùgbọ́n bàbá tó jókòó tì í ti gbé kẹ̀kẹ́ tí apẹja fi ń ká okùn yìí káàkiri, kò sẹ́ni tó gbà á.

"Kò tiẹ̀ lórúkọ lára, Bàbá. Níbo ni mo ti fẹ́ rí páàtì ẹ̀?"

"Ṣá bá mi wò ó."

Yanrìn ló dí i, eyín jíà ẹ̀ sì ti jẹ tán. Ó wá jíà màṣíìnì àtijọ́ kan tó bá a mu, ó ki í bọ ibẹ̀, ó kán epo sí i, ó yí ọwọ́ ẹ̀. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọlé.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀ ńkọ́? Kí n bá yín so ó."

"Má so ìwọ̀ mọ́ ọn."

Rìpíárà rẹ́rìn-ín. "Ẹja wo ló máa gbé okùn lásán mì?"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Etí odò tó gbé Nùrẹ́nì ọmọ mi lọ náà ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní òbí kì í dé ìdí sàréè ọmọ ẹ̀. Tí mo bá ti lọ jókòó síbẹ̀, wọ́n á lé mi." Ó nawọ́ sí ríìlì náà. "Wọn kì í lé apẹja."

Rìpíárà ò tíì fún un. Ó wá nọ́ọ̀tì irin kan nínú agolo, ó so ó mọ́ ẹnu okùn, ó fa kókó ẹ̀ le.

"Kó lè wọ ìsàlẹ̀ omi," ó ní, kò wojú bàbá. "Kẹ́ni tó bá ń wò yín lókèèrè lè rò pé ẹja lẹ ń pa."