Ajá Tí Oyèdòkun Gbé Lọ

Nígbà tí Tanímọ̀la, ajá ilé Oyèdòkun, gé èèyàn jẹ lẹ́ẹ̀kẹta, apá ìyá ìyàwó rẹ̀ ló gé jẹ.

Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀, fárígá. "Bàbá Dúrójayé, tó bá jẹ́ ọmọ wa ló gé jẹ ńkọ́? Ẹ gbé e lọ fún dókítà ẹran, kó fún un lábẹ́rẹ́ ikú."

Oyèdòkun ti ajá náà mọ́ inú búùtù ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Ó jókòó sínú ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ló bá ṣẹ́rí padà. Tanímọ̀la ń gbó, ó ń fi ara gbá búùtù gbì, gbì. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu géètì, ó dákẹ́ lójijì.

Mọ́rẹ́nikẹ́ jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ ò wí fún mi pé ẹ ti dá a padà. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ti rí i. Ẹ wò ó, ó ti níwà tútù!"

"Ta lo rí?"

Ajá kan yọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀ Tanímọ̀la ni, àpá imú Tanímọ̀la ni. Ó ń mi ìrù, ohun tí Tanímọ̀la kì í ṣe. Dúrójayé, ọmọ ọdún mẹ́ta, dì mọ́ ọn lọ́rùn.

Nínú búùtù, ajá kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Oyèdòkun ṣí i. Tanímọ̀la fò jáde, ó sáré lọ dúró síwájú ọmọ náà, gbogbo irun ẹ̀yìn rẹ̀ nàró. Èkejì kò gbó. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn wọ inú òkùnkùn díẹ̀díẹ̀, ó ṣì ń mi ìrù.