Orúkọ Tó Wà Nínú Bàálù

Ní aago méje òwúrọ̀, bàálù kékeré tí Oyèfúnkẹ́ ń wà sún mọ́ Ṣakí. Agbẹ̀bí jókòó sẹ́yìn rẹ̀, nítorí aboyún kan ti ń rọbí níbẹ̀ láti àná. Níwájú wọn, àwọn drónù akẹ́rù kún ojú ọ̀run bí eṣú, wọn kò sì yà.

Ohùn Láoyè, tó ń darí ọ̀nà òfurufú, jáde nínú rédíò. "Ẹ kú àárọ̀, mà. Àwọn drónù ò rí ènìyàn nínú bàálù yín o. Ẹlẹ́mìí nìkan ni wọ́n ń yà fún."

"Èmi rèé tí mò ń wà á!"

"Orúkọ ọkọ yín ni ẹ̀rọ ṣì mọ̀ sí awakọ̀ rẹ̀, mà. Ìwé ikú wọn wọlé lánàá, ẹ̀rọ ti ka bàálù yín sí òfìfo."

Oyèfúnkẹ́ tẹjú mọ́ orúkọ náà lójú ẹ̀rọ. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni wọ́n ti ní kó yí i padà. Ní àràárọ̀ tó bá tan bàálù, ẹ̀rọ á ní, "Ẹ káàbọ̀, Akíntáyọ̀," òun náà á sì dáhùn pé, "Wọ́n ń bọ̀."

"Ẹ fọhùn, ẹ jọ̀ọ́," ni agbẹ̀bí wí. "Ọmọ kì í dúró de drónù."

"Láoyè, yọ orúkọ wọn. Kọ Oyèfúnkẹ́ sí i. Mo wà láàyè."

Àwọn drónù pín sọ́tùn-ún sósì, ọ̀nà sì là gbọọrọ títí dé pápá.

Kí oòrùn tó mú, agbẹ̀bí ti ránṣẹ́ pé tìyá tọmọ yè. Oyèfúnkẹ́ tan bàálù.

"Ẹ káàbọ̀, Oyèfúnkẹ́."

"Mo ti dé," ni ó dáhùn.