Ẹni Tó Di Nọ́ọ̀tì Mú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fara kanra, ẹ bá mi gbè é: ó dì í mú o, kò jẹ́ ó bọ́!

Opó kan ní Múṣin ń de fáìsì ńlá, irin tí wọ́n fi ń di iṣẹ́ mú, mọ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ tó kú. Àbúrò ọkọ ti ní, "Ìyàwó, tó bá mì pẹ́nrẹ́n, mo gba ṣọ́ọ̀bù nìyẹn."

Bó ṣe ń yí bóòtù lókè ni nọ́ọ̀tì ń bá a yí nísàlẹ̀. Ó ké sí ọmọ rẹ̀, "Àmínát, bá mi dì í mú lábẹ́!"

Ọwọ́ kan dì í mú gírígírí.

"O ṣé. Ọwọ́ ẹ le bíi ti bàbá ẹ!"

"Màmá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?" Ìta ni Àmínát ti ń wọlé bọ̀, tòun ti àkàrà gbígbóná.

Opó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Kò sẹ́nì kankan. Ó rọra gbé àwo àkàrà kan síbẹ̀.

Àbúrò ọkọ dé, ó ti fáìsì títí, kò mì. Àwo abẹ́ tábìlì ti mọ́ féfé. Gbogbo wọn ló yó, òun nìkan ló febi relé.