Àbẹ̀kẹ́ Dáhùn

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan, wọ́n gbé ọmọdébìnrin kan tó já bọ́ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé ilé ìwòsàn àtijọ́ kan. Wọ́n ti ya àwòrán inú orí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ní Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ò rí i mọ́. Gbogbo ìgbà tí Akínwùmí, tó ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe, bá tẹ orúkọ náà, èsì kan náà ló ń wá: "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Ó pààrọ̀ wáyà. Òógùn bò ó.

"A ò lè fọwọ́ kan orí ọmọ yìí láìrí àwòrán!" Dókítà Ìbídùn ń ké lórí fóònù. "Ọmọ ń lọ o!"

Akínwùmí ò mọ ìgbà tó pariwo sí ojú ẹ̀rọ: "Àbẹ̀kẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn!"

Lójú ẹsẹ̀, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

"Ó ti dé!" ni dókítà wí, ó sì já fóònù sílẹ̀.

Akínwùmí lọ wo Àbẹ̀kẹ́. Kò sí iná ní yàrá náà. Kọ̀ǹpútà náà tutù, gbogbo wáyà rẹ̀ ti yọ, wọ́n wà nílẹ̀. Ó ń fẹ̀yìn rìn jáde nígbà tí ohùn obìnrin kan bi í láti inú òkùnkùn pé:

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Wọ́n... wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀, mà."

Ẹnìkan mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn rọra tì láti inú.