Idẹ Tàbí Irin fún Gìtá Ọlájídé

Bí Tíṣà Hannah bá ti gbọ́ pé lẹ́tà dé láti Kúmásì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ mọ́. Ọmọ Ìlasà ni. Ọdún 1955 ni wọ́n gbé e wá sí ilé ìwé ìjọ ní Ìkẹ́rẹ́, kò ní ẹbí níbẹ̀, kò ní ará. Tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti túká, òun àti ògiri yàrá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń wo ara wọn. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ ni ilé Bàbá Akínwándé, káfíńtà tó ń gbẹ́ gìtá nísàlẹ̀ àpáta.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Bàbá ti sọ fún un pé òun ò mọ̀wé, pé oko ni bàbá òun fi òun sí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọlájídé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti bá iṣẹ́ lọ sí Kúmásì láti ọdún mẹ́fà. Hannah ló ń ka lẹ́tà ọmọ náà fún un, òun náà ló ń bá a kọ èsì.

Ká má purọ́, kì í ṣe àánú Bàbá nìkan ló ń gbé e lọ. Láti ìgbà tí Ọlájídé ti kọ ọ́ pé, "Ẹ bá mi kí tíṣà tí ọwọ́ rẹ̀ dára yìí," ni ọkàn rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ó ti mọ bí ọmọkùnrin náà ṣe ń fa ìrù lẹ́tà rẹ̀ gùn. Ó mọ̀ pé irú pẹ́ńsùlù tó máa ń di àlùkò tí omi bá kàn án ló fi ń kọ̀wé, àti pé kò tíì gbéyàwó. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún kejì, ní ọ̀sán Sátidé kan, ó bá Bàbá pẹ̀lú gìtá tuntun lórí itan.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá."

"Òo, ọmọ mi. Wọlé, jókòó. Ti Jídé rè é. Ṣé o rántí pé ó ní òun ń bọ̀ wálé ní Kérésì?"

Ṣé ó rántí! Ó ti ń ka ọjọ́.

Igi gìtá náà ti parí, àfi ọrùn rẹ̀ tó wà ní ìhòòhò. Bàbá to oríṣi wáyà méjì sórí bẹ́ńṣì, idẹ àti sípókù kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ló máa gé wẹ́wẹ́, kó kàn án mọ́ ọrùn náà ní ìbú, níbi tí ìka ti ń tẹ okùn.

"Idẹ gbọ́ràn," ó ní. "Bí o ṣe fẹ́ kó tẹ̀ náà ló máa tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí okùn irin ni Jídé bá ta sí i, ọdún kan, irin ti jẹ ẹ́ tán. Sípókù ò ṣe é jẹ. Ṣùgbọ́n òǹrorò nìyẹn, á já okùn ìfun ẹran wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí mo bá sì ti kàn án, ó parí nìyẹn. Mi ò lè tú u kí igi má bàjẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká bi í nígbà náà."

Bàbá yí idẹ náà láàrin ìka. "Ó dáa," ó ní. "Bi í."

Hannah kọ ọ́. Bí ó ti ń kọ, Bàbá ń fi ẹnu pẹ́ńsùlù kan ahọ́n, ó ń sàmì sí ọrùn gìtá, ọ̀nà mọ́kàndínlógún.

"Bàbá, ahọ́n yín ti di àlùkò o!"

"Uṣẹ́ ni, ọmọ mi."

Òjò ṣú. Hannah lẹ lẹ́tà náà pa, ó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, ó fi í sínú ìwé orin rẹ̀ kí omi má baà kàn án, ó sì sáré lọ síbi ìdánrawò akọrin. Ní ọjọ́ Ajé, ó kó lẹ́tà tirẹ̀ sí ìyá rẹ̀ àti ìdì lẹ́tà ilé ìwé, ó da gbogbo rẹ̀ sínú àpótí lẹ́tà ní posí-ọ́fíìsì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ọ̀gá ilé ìwé tó pè é. Wọ́n ń wá tíṣà kan sí Ìlasà. Ṣé yóò lọ? Kó dáhùn, bó pẹ́ jù, ní ọjọ́ Ẹtì. Ohun tó ti fi omijé bẹ Ọlọ́run fún lọ́dún tó kọjá nìyí. Ó lọ sọ fún Bàbá Akínwándé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

 Sípókù bọ́ lọ́wọ́ Bàbá, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Ulé ẹni dára," ó ní. "Ìyá rẹ á yọ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, bí ilé ìwé ṣe ń jáde, Bàbá fúnra rẹ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Jídé ti fèsì," ó ní.

Wọ́n jókòó ti bẹ́ńṣì, Hannah kà á sókè. "Okùn ìfun ewúrẹ́ ni mo rà, Bàbá. Idẹ ni kí ẹ lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ Tíṣà kó dúró dè mí. Orin tí mo máa kọ́kọ́ ta sórí gìtá náà, tirẹ̀ ni."

Ojú tì í. Ayọ̀ sì kún inú rẹ̀ débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

"Tún ìparí yẹn kà," Bàbá wí.

Ó tún un kà. Bàbá ju sípókù sábẹ́ bẹ́ńṣì, ó fa idẹ sún mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Nígbà tí Hannah dìde láti máa lọ, ègé idẹ mẹ́rin ti wọ igi.

Ní ọjọ́ Ẹtì ó lọ bá ọ̀gá. "Ẹ ṣeun, sà. Mo ń dúró ní Ìkẹ́rẹ́." Wọ́n fún ẹlòmíràn ní àyè Ìlasà lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n pe orin Ìpadàbọ̀ Olúwa, èyí tí wọn kì í kọ àfi tí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Hannah ṣí ìwé orin rẹ̀ sí abala náà tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì bá lẹ́tà kan níbẹ̀, tó ṣì wà ní lílẹ̀ pa, tí òǹtẹ̀ posí-ọ́fíìsì kò tíì kan sítáǹbù rẹ̀, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti bi Ọlájídé bóyá okùn ìfun ni tàbí okùn irin.