Wọ́n Ní Àwọn Ọmọbìnrin Kì Í Dúró

Ọ̀gá wa ju bébà sórí tábìlì mi.

"Ní ẹ̀ka kẹ́mísírì, dín àyè tí a fi ń gba àwọn ọmọbìnrin wọlé kù sí ìdajì lọ́dún tó ń bọ̀. Wọn kì í dúró. Tó bá fi máa di ọdún kejì, wọ́n á ti sá lọ."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀."

"Ìdí wo? Ìyàwó ojú ọ̀nà, ìgbéyàwó Sátidé ni kó o gbájú mọ́!"

Fóònù mi dún. Ọkọ àfẹ́sọ́nà mi ni. "Adùn ọkàn mi, ṣé o ti jẹun? Ìwọ nìkan ni ojú mi rí."

Ọkàn mi yọ́ bí òrí inú oòrùn.

Mo ṣí àká dátà, níbi tí àkọsílẹ̀ gbogbo ọ́fíìsì yunifásítì wa ti ń pàdé.

Ọmọbìnrin mẹ́sàn-án ló ti lọ. Máàkì wọn dáa ju ti àwọn tó dúró lọ.

Mo wo ìwé ẹ̀sùn wọn. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ olùkọ́ tó ń tọ́ àwọn sọ́nà. Olùkọ́ kan náà ni.

Ọ̀kan kọ ọ́ pé: "Ó ní kí n wá gba máàkì mi nínú yàrá òun."

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìwà ẹ̀gbin pọ́ńbélé!

Mo tún orúkọ olùkọ́ náà kà. Mo dìde, mo mú bébà ọ̀gá lọ bá a.

"Mà, ẹ má dín àyè ọmọbìnrin kankan kù. Ẹ yọ ọkùnrin kan ṣoṣo kúrò níbẹ̀, wọ́n á dúró."

"Ta ni?"

Mo bọ́ òrùka àdéhùn ìgbéyàwó kúrò lọ́wọ́ mi, mo gbé e lé orí bébà rẹ̀.

"Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fín sínú òrùka yìí, mà."